Oríta Ẹnu Ọjà: Báwo La Ṣe Lè Kọjá Ká sì Padà Délé?

Ẹ mọ̀ pé lọ́sẹ̀ kan a máa ń sọ̀rọ̀ ìlera, lọ́sẹ̀ kejì a máa sọ̀rọ̀ ọjà. Tòní, méjèèjì ló pàdé síbì kan, torí pé oríta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun tó fà á rèé. Àwọn obìnrin kan tó ń tajà ní abúlé kan lójú ọ̀nà tó ti Pọbẹ̀ wá sí Kétu ló ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ń ti iléèwé bọ̀ ni alùpùpù gbá ní oríta ọjà wọn, níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ pupa ti wọ ọ̀nà ọ̀dà. Ọmọ náà wà láàyè, a dúpẹ́. Àmọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sì tíì padà sí iléèwé. Wọ́n ní òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n wá bi wá ni pé: "Ṣé ká ní káwọn àgbà lọ ṣe ètùtù sí oríta yẹn ni, àbí ká kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀rì?"

Mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà o. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ni oríta. Àmọ́ mo mọ̀ pé awakọ̀ tó kó símẹ́ńtì láti Onigbolo, tó fẹ́ já ẹrù kílẹ̀ tó ṣú, kò ní tẹ bíréèkì nítorí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi tàwọn àgbà sílẹ̀ fáwọn àgbà, ká wá wo tiwa.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi mú igi kékeré kan àti ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo. Ẹ ya oríta mẹ́rin sílẹ̀ nínú iyanrìn, ọ̀nà tó ń lọ àti ọ̀nà tó ń bọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi igi tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí tó fẹ́ lọ tààrà, èyí tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, èyí tó fẹ́ yà sósì. Gbogbo ibi tí ipasẹ̀ méjì bá ti gba ara wọn kọjá, tàbí tí wọ́n ti dara pọ̀, tàbí tí wọ́n ti pínyà, ẹ fi hóró àgbàdo kan síbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ́ nígbà kan rí kì í kà á tán lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, hóró 32 ló máa wà nílẹ̀. Ibi 32 tí ọkọ̀ ti lè gbá ọkọ̀ nìyẹn, a ò tíì ka ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kankan mọ́ ọn.

Ẹ wá ya oríta mẹ́ta, irú tàwọn ìyá wa yẹn, níbi tí ọ̀nà kékeré kan ti wọ ọ̀nà ńlá. Hóró 9 péré ni. Ẹ tún ya oríta mẹ́rin tó ní òbìrípo láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní rọ́ńpúwẹ̀. Hóró 8 ni! Oríta mẹ́rin kan náà, 32 ti di 8. Ìdí ni pé gbogbo ọkọ̀ ló ń yípo lọ sápá kan náà, ẹnikẹ́ni ò kọjú sí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì jẹ́ pé ọ̀nà tó tẹ̀ kò ṣeé fi eré burúkú gbà, àyàfi ẹni tó ń wá ikú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe rọ́ńpúwẹ̀ dáadáa, tí èèyàn bá tiẹ̀ forí gbárí, ìpalára rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ owó ńlá ni, ó sì ń jẹ ilẹ̀, nítorí náà n kò ní ní kí abúlé kan bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Eré ni ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Tí awakọ̀ bá rí ọmọdé tó já sójú títì, ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ojú á kọ́kọ́ rí i, ọpọlọ á gbà á, ẹsẹ̀ á wá bíréèkì lọ. Ìyẹn á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá jẹ́ ẹni tí oorun ò kùn, tí kò sì tíì fẹnu kan sódàbì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ọkọ̀ ò tíì dín eré rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bíréèkì tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú táyà.

Ẹ wá gbọ́ iye rẹ̀. Lórí ọ̀nà gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó dáa àti bíréèkì tó dáa, ọkọ̀ tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan máa gba nǹkan bíi mítà 13 kó tó dúró. Èyí tó ń sá 50 máa gba nǹkan bíi mítà 28. Èyí tó ń sá 80 ńkọ́? Nǹkan bíi mítà 57. Ṣé ẹ rí i? Eré 80 ò tó ìlọ́po mẹ́ta eré 30, àmọ́ ilẹ̀ tó máa jẹ kó tó dúró ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Bí òjò bá rọ̀, tàbí bí táyà bá ti pá, tàbí bó bá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n di ẹrù kọjá agbára rẹ̀, ó tún máa jù bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe lójú títì o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù iléèwé. Ìgbésẹ̀ ńlá kan tó àgbàlagbà sún mọ́ mítà kan. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 13, òmíràn ní 28, òmíràn ní 57. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ kan lọ dúró ní ìgbésẹ̀ 20. Ó yá, ẹ wò ó: bí awakọ̀ bá rí ọmọ yẹn láti ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń sá 30 á ti dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ku mítà méje. Á bú ọmọ náà, á máa lọ. Ẹni tó ń sá 50 á tẹ bíréèkì lóòótọ́, àmọ́ eré tó ṣẹ́ kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó máa fi gbá ọmọ náà ṣì máa tó nǹkan bíi 37. Ẹni tó ń sá 80, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tíì kan bíréèkì rárá. Gbogbo 80 yẹn ló máa fi gbá a.

Ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ tó ń gun zẹ́mijàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa sọ fún yín pé "mo mọ ọwọ́ máṣíìnì mi." Mo gbà. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ò mọ ẹni tó mọwọ́. Òfin pàápàá ní kí ọkọ̀ má ṣe ju 50 lọ láàárín ìlú. Lẹ́nu ọjà tàbí lẹ́nu iléèwé, lójú tèmi, 30 ló yẹ.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ, kó gbọ́ èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní OMS, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 2023. Wọ́n ṣírò rẹ̀ níbẹ̀ pé nǹkan bíi 1,190,000 èèyàn ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà pa kárí ayé lọ́dún 2021. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, àti ẹni tó wà lórí alùpùpù. Láàárín àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 5 títí dé 29, kò sí nǹkan mìíràn tó ń pa èèyàn tó o. Ibà ò pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ sọdá.

Ọ̀nà ọ̀dà wa tó ní ipa méjì, fífẹ̀ rẹ̀ máa ń tó mítà méje. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń rìn pẹ̀lẹ́, á lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méje lórí rẹ̀. Ìyá àgbà tó ru agbọ̀n tòmátì, tó tún fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, lè lo mẹ́wàá. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méje, ọkọ̀ tó ń sá 80 á ti rin nǹkan bíi mítà 155. Ìyẹn ni pé kó o tó gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀dà, ojú rẹ gbọ́dọ̀ rí ìgbésẹ̀ 155 lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kó o sì rí i pé kò sí ohunkóhun tó ń bọ̀. Ní abúlé yín, kí ló wà ní ìgbésẹ̀ 155 sí oríta? Igi ìrókò ni? Ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ pé: "Bí ọkọ̀ bá ti kọjá igi yẹn, a ò sọdá mọ́." Ọmọdé ò mọ kìlómítà, àmọ́ ó mọ igi.

Apá òsì ni ká kọ́kọ́ wò, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ọkọ̀ ń tọ̀, èyí tó sún mọ́ wa jù á sì máa ti apá òsì bọ̀. Lẹ́yìn náà ká wo ọ̀tún, ká tún padà wo òsì. Àwọn bàbá wa kan tó ṣòwò lọ sí òdìkejì nígbà àtijọ́ lè rántí pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tọ̀ níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí tiwa níbí jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá kọjá ibodè nígbà yẹn ní láti yí orí rẹ̀ padà! Báyìí, ì báà jẹ́ Kétu, ì báà jẹ́ Mẹ̀kọ, ì báà jẹ́ Tógò, ọ̀kan náà ni.

Ṣùgbọ́n wíwo nìkan ò tó bí ohun kan bá dí ojú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa dun àwọn ìyá wa díẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Ta ló ń dí ojú oríta? Àwa náà ni. Tábìlì epo kpayo wà ní igun kan, ìgò ńlá ńlá lórí rẹ̀. Ẹni tó ń din àkàrà wà ní igun kejì, agboòrùn rẹ̀ sì balẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, awakọ̀ rẹ̀ ń jẹun. Lákòókò ìkórè, a tún máa ń sá àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sétí ọ̀dà, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á wá yà bọ́ sáàárín títì kó má bàa gùn ún mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méje ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju tábìlì kpayo lọ. Tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun ò rí ọkọ̀, ọkọ̀ ò sì rí òun, àfi ìgbà tó bá ti yọ orí. Ẹ rántí igi tó wà ní ìgbésẹ̀ 13.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń jókòó síbẹ̀. Igun oríta ni oníbàárà ti ń dẹ eré. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á gbà á lọ́la, òun á sì pàdánù oníbàárà rẹ̀ lásán. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe. Gbogbo ẹgbẹ́ ọjà ló máa jọ sún lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wọn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láti ẹnu oríta sí apá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi òkúta tí wọ́n kùn ní funfun sàmì síbẹ̀. Kò sí tábìlì, kò sí ọkọ̀, kò sí ẹ̀gẹ́ láàárín òkúta yẹn. Kí ẹni tó wà ní àyè àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀ ṣì wà ní àyè àkọ́kọ́ lẹ́yìn òkúta, ká má bàa fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá ìjà sílẹ̀. Ìyálọ́jà ló lè ṣe èyí dáadáa ju mẹ́ẹ̀rì lọ. Kò sì gba owó, àyàfi ẹ̀fun àti ìpàdé kan tàbí méjì tó gbóná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbọ́ tiyín. Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ tọ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà ló yẹ kó tọ òsì, kó máa wo ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sósì ní oríta tí ọkọ̀ pọ̀, ẹ má dúró sáàárín títì máa retí àyè. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín sọdá bí ẹlẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ má ṣe yọ́ wọ àárín òun àti etí ọ̀nà láé, torí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tọ ipasẹ̀ ti iwájú, ó máa ń gé igun náà wọlé. Ẹ wo díńgí rẹ̀: bẹ́ ẹ ò bá rí ojú awakọ̀ nínú rẹ̀, òun náà ò rí yín. Nígbà ọyẹ́ tí kùrukùru bá bolẹ̀, tàbí lálẹ́, ẹ so aṣọ funfun mọ́ ẹ̀yìn ẹrù yín bẹ́ ẹ ò bá ní iná. Kí oníkẹ̀kẹ́ àti oní-zẹ́mijàn dé akoto, kí wọ́n sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Èyí tí wọ́n fi kọ́ ọwọ́ máṣíìnì ń dáàbò bo ọwọ́ máṣíìnì ni.

Ó wá ku lẹ́tà mẹ́ẹ̀rì. Ẹ kọ ọ́ o, ẹ̀yin obìnrin wa. Àmọ́ ẹ má kọ "ẹ gbà wá, à ń kú" nìkan. Ẹ lọ jókòó sí oríta yẹn láti aago méje sí mẹ́jọ òwúrọ̀, lọ́jọ́ iléèwé kan àti lọ́jọ́ ọjà kan, kẹ́ ẹ ka iye ọmọdé, àgbà àti kẹ̀kẹ́ tó sọdá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fà á ní ìlà-ìlà sínú ìwé. Ẹ ya àwòrán oríta náà mọ́ ọn. Ẹ sọ iye ẹni tó ti fara pa níbẹ̀ àti oṣù tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ ní tààrà: òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní dódáànì, ní apá méjèèjì kí ọkọ̀ tó dé oríta, àmì tó ń sọ fún awakọ̀ pé 30 ni, àti bí ọ̀nà bá fẹ̀, ibi ìdúró tó ga díẹ̀ láàárín títì, kí èèyàn lè sọdá ìdajì, kó mí, kó tó sọdá ìdajì tó kù. Mi ò fi ilà funfun ṣe àkọ́kọ́. Ilà funfun láìsí dódáànì, awakọ̀ wa kì í dúró fún un, ọmọdé á sì rò pé òun ti wà láàbò.

Ẹ gba ọ̀dọ̀ olórí abúlé kọjá, kó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ńlá ti ìjọba ni, kò sí lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rì láti fọwọ́ kàn án, àmọ́ òun ló máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni í. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí CNSR, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan fúnra yín, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń sọ èyí torí pé mo ti rí lẹ́tà tó sọnù rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ìtì igi tàbí yẹ̀pẹ̀ ṣe dódáànì ara yín lóru. Inú ń bí yín, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ forí sọlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe awakọ̀ símẹ́ńtì. Ọmọ yín tó ń gun alùpùpù bọ̀ láti oko lálẹ́, tí iná rẹ̀ ò tàn, ni.

Bí ìjàǹbá bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fa ẹni tó fara pa dìde. Ẹ dá ọkọ̀ dúró lápá méjèèjì kí òmíràn má bàa tún gbá a, ẹ pe àwọn pọ́ńpìyè ní 118, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì kan á wá ṣàlàyé ìyókù fún wa.

Ẹgbẹ́ tó bá ti wọ̀n oríta tirẹ̀, ẹ fi ohun mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa: iye hóró àgbàdo tẹ́ ẹ kà, ohun tó wà ní ìgbésẹ̀ 155, àti iye ọmọ tó sọdá láàárín aago méje sí mẹ́jọ. Ẹ fún ẹni tó ń bá wa gba iye owó gààrí lọ́jọ́ ọjà, òun náà á mú un bọ̀. A ó kà á lórí rédíò, abúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ bi wá ní ìbéèrè, tiyín la ó kọ́kọ́ kà. Ẹ bá wa kí ọmọ náà.